Ẹ Má Fi Màmá Sílé Torí Ọ́síjìn: Bí Ẹni Tó Ń Lo Ẹ̀rọ Èémí Ṣe Lè Lọ Disney ní Florida

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú déédéé ìwòyí. Níbi ìpàdé ìlera àwa ẹbí Yorùbá tí à ń gbé agbègbè Atlanta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tí ò ráyè wá lè rí i kà, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́, mo kàn fi ìbéèrè díẹ̀ tí wọ́n bi mí sí ìparí ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú èémí ni mò ń ṣe ní ọsibítù, àwọn tí èémí ò délẹ̀ fún ni mò ń bá ṣe lójoojúmọ́, ohun kan sì wà tó máa ń dùn mí gan-an. Tí dókítà bá ti lè sọ pé kí àgbàlagbà kan máa lo ọ́síjìn nílé, ẹbí á ti gbà pé ìjáde ti parí fún un nìyẹn. Sọ́mà á dé, ilé ìwé á ti padé, gbogbo ilé á ní Disney, ọgbà ìṣeré ńlá tó wà ní Florida, làwọn ń lọ, ohun tẹ́ẹ máa gbọ́ ni pé "Màmá ò lè lọ o, wọ́n wà lórí ọ́síjìn." Wọ́n á wá ẹnì kan táá jókòó ti Màmá. Màmá fúnra wọn á ní ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ lẹ máa ń ṣeré, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Màmá yìí ló tò fún físà, tó wọ báàlù láti Èkó wá síbí nítorí kí wọ́n lè wà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ yìí kan náà, ọjọ́ tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín jù lọ́dún wá ni ọjọ́ tí wọn ò sí níbẹ̀.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń lo ọ́síjìn tí ara ẹ̀ sì wà lójú kan lè lọ Disney, ó lè wọ báàlù, ó lè wọ mọ́tò, ó lè jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi ti ọmọ-ọmọ ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe àìsàn náà ló ń ba ìrìn-àjò jẹ́, àìṣírò ni. Ọ́síjìn tẹ́ẹ ò bá kà bí ẹní ń ka owó ọjà kẹ́ẹ tó jáde nílé, ojú ọ̀nà ló máa tán sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí yìí, 21% ẹ̀ ló jẹ́ ọ́síjìn, nitrogen ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní concentrator, ẹnikẹ́ni ò rọ ọ́síjìn kankan sínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà wọlé, á gbà á kọjá lára ohun oníhóró wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ zeolite, ìyẹn á di nitrogen mú, èyí tó bá máa jáde sí imú Màmá á ti tó bíi 90% ọ́síjìn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tán, tí iná tàbí bátìrì bá ṣáà ti wà. Sìlíńdà ní tiẹ̀, èyí tí wọ́n rọ síbẹ̀ náà ni, tó bá tán, ó tán. Àwọn tó ń lò ó láàárín wa sì pọ̀ ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ìyá wa tó fi igi dáná ní ilé ìdáná tí ò ní fèrèsé, tí wọ́n yan ẹja, tí wọ́n dín àkàrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín yẹn ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, obìnrin tí ò fẹnu kan sìgá rí láyé ẹ̀ lè ní COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa. Àwọn tí COVID dá àpá sí lẹ́dọ̀fóró wà níbẹ̀, àwọn tí ọkàn wọn ò lágbára mọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ní sickle cell tí àìsàn náà ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn náà wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: èló ni Màmá ń lò tí wọ́n bá jókòó, èló tí wọ́n bá ń rìn, èló tí wọ́n bá sùn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló mọ ti ìjókòó nìkan torí pé nílé, orí àga ni Màmá máa ń wà. Wọ́n lè ní kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú 6 ní kọ́rídọ̀ kí wọ́n fi wo bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹni tó wà ní 93% lórí àga lè já wá sí 84% kó tó rìn dé ìdí ilẹ̀kùn, 88% sílẹ̀ sì ni ibi tí àwa ti máa ń sọ pé ara ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í fẹ́ ọ́síjìn jáde láìdúró, ìgbà téèyàn bá fa èémí ló ń jù ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà 2 tó wà lójú ẹ̀ kì í ṣe lítà 2 láàárín ìṣẹ́jú kan bíi ti ẹ̀rọ ńlá tó wà nílé o! Ẹni tó bá ń fẹnu mí tàbí tó ń sùn lọ fọnfọn, ẹ̀rọ kékeré yẹn lè má gbọ́ ìgbà tó fa èémí rárá. Torí náà, ẹ jẹ́ kí Màmá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ gbé rìnrìn-àjò gan-an wọ̀, kí wọ́n fi rìn, kí wọ́n fi gun àtẹ̀gùn, níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó kàn àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń fi há ọmọ ìka láti fi wo ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀, oximeter, ó lè parọ́ lára awọ wa. Lọ́dún 2020 àwọn dókítà Yunifásítì Michigan kọ ọ́ jáde nínú New England Journal of Medicine pé àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú tí oximeter ń sọ pé ara wọn dá ṣáṣá nígbà tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn aláwọ̀ funfun. Tí Màmá bá ní èémí ò délẹ̀, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí ètè wọn ń ṣú, ẹ gba Màmá gbọ́, ẹ má gba nọ́ńbà gbọ́. Làlì dúdú àti kútẹ́ẹ̀sì náà máa ń dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́, ẹ fi ìka kan sílẹ̀ láìkùn.

Ọ̀rọ̀ báàlù wá kàn. Báàlù tó bá ti dé òkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fẹ́lẹ́, ó lè fẹ́lẹ́ dé ti orí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8,000, ohun tó ń wọ ara níbẹ̀ ò ju kéèyàn máa mí afẹ́fẹ́ tó ní ọ́síjìn 15% nílẹ̀ lọ. Ẹni tí ò lo ọ́síjìn nílé gan-an lè nílò ẹ̀ lókè, àyẹ̀wò sì wà tí dókítà fi lè mọ̀ ṣáájú. Sìlíńdà tiyín, ẹ gbàgbé ẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí èrò gbé sìlíńdà ọ́síjìn ara ẹ̀ wọ báàlù. Ẹ̀rọ concentrator ni wọ́n gbà, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ sára ẹ̀ pé ó bá òfin FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ báàlù, mu, kì í sì í ṣe ara ẹrù ọwọ́ tí wọ́n ń kà. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ báàlù náà ní wákàtí 48 ṣáájú ó kéré tán, kẹ́ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n lè ní kí bátìrì yín tó ìlọ́po kan àbọ̀ àkókò tí ìrìn náà máa gbà, wọn ò sì ṣẹ̀ tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Màmá tó ń bọ̀ láti Èkó wá sí Atlanta tààrà, wákàtí 12 àti díẹ̀ lókè. Ìlọ́po kan àbọ̀ 12 jẹ́ 18. Ẹ wo ara páálí ẹ̀rọ yẹn, wákàtí tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti nọ́ńbà 1 ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí Màmá bá ń lo nọ́ńbà 3 kò lè tó bẹ́ẹ̀ rárá. Torí náà bátìrì kan ò tó, méjì lè máà tó, ìyẹn ò tíì kan gòsúlò láti ilé dé ẹ́ápọ́ọ̀tù, ìtòlówọ́ọ̀wọ́ níwájú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, àti báàlù kejì tó ń lọ Orlando. Ẹ má gbọ́kàn lé sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí àga. Bátìrì tó kù, ọwọ́ lẹ ó mú un dání, ẹ má kó o sínú báàgì tó ń lọ sábẹ́ báàlù láéláé, kẹ́ẹ sì fi nǹkan bo ẹnu ẹ̀ kí irin má baà kàn án. Ti shájà rọrùn, èyí tó pọ̀ jù ló ń gba iná 100 títí dé 240, ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ń ṣiṣẹ́ níbí.

Àwa tí à ń wakọ̀ láti Atlanta, tí à ń gba I-75 sọ̀kalẹ̀, wákàtí 6 sí 7 ni, mọ́tò rọrùn ju báàlù lọ fún irú ìrìn yìí torí ẹ lè gbé ẹ̀rọ ilé ńlá yẹn sí bùútù fún lílò lóru, ẹ sì lè so ẹ̀rọ kékeré mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Tó bá jẹ́ sìlíńdà lẹ kó, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó má yí, ẹ má tì í mọ́ inú bùútù nínú ooru, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nínú mọ́tò yẹn. Tẹ́ẹ ò bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ ilé, àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Orlando tó ń yáni ní ọ́síjìn, wọ́n á gbé e wá sí òtẹ́ẹ̀lì yín kẹ́ẹ tó dé. Àwọn tó ní Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ẹ pe ẹni tó ń gbé ọ́síjìn yín wá nílé kí wọ́n bá yín ṣètò ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé Medicare kì í sanwó ọ́síjìn inú báàlù. Àwọn Màmá tó wá fi físà àlejò wá, owó ara wa la máa ná, ẹ sì fojú sí ìwé ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò dáadáa, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀.

A ti dé Disney wàyí. Walt Disney World tó ṣí ní October 1971 yìí, ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, èyíkéyìí nínú wọn ló lè fi ìrìn pa èèyàn. Ní EPCOT nìkan, ọ̀nà tó yí omi ká níbi tí wọ́n kọ́ ilé orílẹ̀-èdè 11 sí, ó tó kìlómítà méjì. Màmá ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ yá wheelchair tàbí kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n ń jókòó wà, wọ́n ń yáni lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí i gbà, ẹ tètè lọ. Màmá lè sọ pé àwọn ṣì lè rìn, òótọ́ ni, wọ́n lè rìn, àmọ́ gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń jẹ bátìrì, ìsimi orí kẹ̀kẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kí agbára wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n gbà kẹ́ẹ gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn wọ inú ọgbà, àwọn eré kan nìkan ni wọn ò ní jẹ́ kẹ́ẹ gbé e gùn, pàápàá àwọn tó ń sáré tó ń dorí kodò. Ẹ bi òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà eré kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ẹ bá bi mí ibi tí mo fẹ́ràn fún àgbàlagbà, Living with the Land ní EPCOT ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ọkọ̀ ojú omi jẹ́jẹ́ ni, ó ń gba inú ilé gíláàsì kọjá, ibi tí wọ́n gbin ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì sí, òmíràn ò fara kan ilẹ̀ rárá, inú omi ni gbòǹgbò ẹ̀ wà, wọ́n tún ń sin ẹja epìyà níbẹ̀. Màmá tó ti dá oko rí á sọ̀rọ̀ débi pé àwọn ọmọ á máa bi wọ́n ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni Màmá ti di tíṣà. Ní Magic Kingdom, "it's a small world" ni, wọ́n ní ọkọ̀ tí wheelchair lè wọ̀, abẹ́ òrùlé tó tutù sì ni. Kilimanjaro Safaris ní Animal Kingdom dùn, erin, kìnnìún, àgùfọn, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ rí gbágungbàgun, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó rò ó dáadáa. Tẹ́ẹ bá ráyè lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì Animal Kingdom Lodge, ẹ jẹ́ kí Màmá rí Ijele tó wà ní gbàgede ẹ̀, egúngún ńlá àwọn ará wa Ìgbò, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16, mi ò tíì rí ẹni wa tó dé ibẹ̀ tí ò dúró wò ó.

Ní ti ìlà títò, ẹ má gbọ́kàn lé DAS táwọn èèyàn máa ń sọ, ètò Disney fún àwọn tí ipò ara wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Láti May 2024 ni wọ́n ti yí i padà, àwọn tó ní autism àti irú ẹ̀ látìgbà èwe ló wà fún ní pàtàkì. Ìlà tó pọ̀ jù gba wheelchair, tí Màmá bá sì nílò láti jáde nínú ìlà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kó sọ bẹ́ẹ ṣe máa padà bá ara yín.

Ooru Florida lẹ ní láti bẹ̀rù. Láti June dé September, ooru á mú, òjò ọ̀sán pẹ̀lú àrá á máa rọ̀, ìgbà ìjì ńlá náà sì ni. January àti February ló dáa jù fún ẹlẹ́dọ̀fóró, tí ilé ìwé bá gbà yín láàyè. Ẹ̀rọ yìí fúnra ẹ̀ ò fẹ́ kí ooru ju bíi 40°C lọ, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, ẹ má sì da ìborùn tàbí súwẹ́tà bo ihò tó fi ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ dé ọgbà láàárọ̀, ẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, kí Màmá sùn, kẹ́ẹ sháàjì gbogbo bátìrì, kẹ́ẹ padà nírọ̀lẹ́. Yàrá First Aid wà nínú ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kò sí ohun ìtìjú nínú kéèyàn wọlé lọ sinmi lábẹ́ AC. Láti May 2019, sìgá ò sí nínú ọgbà mọ́, ìyẹn jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún wa. Fireworks, iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sókè lálẹ́, ló ní èéfín, ẹ wò ó láti òdìkejì omi, ẹ má lọ dúró sábẹ́ ẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ iná, torí òun ló ń bà mí lẹ́rù jù nílé àwa Yorùbá. Ọ́síjìn fúnra ẹ̀ kì í jó, àmọ́ gbogbo ohun tó bá ti ń jó, tí ọ́síjìn bá pọ̀ níbẹ̀, á jó kíákíá, á sì jó burúkú. Rọ́bà imú máa ń mú kí ihò imú gbẹ kó sì máa dunni, kí ni Màmá máa fi ra á? Òrí. Vaseline. Robb. Aboniki. Ọ̀rá àti epo ni gbogbo wọn, ẹ má fi wọ́n sí imú tàbí ètè ẹni tó ń lo ọ́síjìn, iná kékeré kan ti tó láti jó èèyàn lójú. Ìpara tó jẹ́ olómi wà ní ilé olóògùn, ẹ béèrè èyí tí kò ní epo. Tẹ́ẹ bá ń ṣe bọ́ọ̀sìdé ọmọ ní òtẹ́ẹ̀lì, kí Màmá jìnnà sí àbẹ́là, tẹ́ẹ bá yá ilé tó ní kíṣìnnì, kí wọ́n má súnmọ́ gáàsì, kí wọ́n má sì lọ yan súyà léyìnkùlé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ní kí Màmá yọ rọ́bà ọ́síjìn torí fọ́tò. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é, ẹ fẹ́ kí fọ́tò dáa, àmọ́ ohun tí Màmá ń gbọ́ ni pé nǹkan yìí ń dójú ti yín. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fi ìborùn bò ó, wọ́n á máa yọ ọ́ tí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á máa yọ ọ́ tí àlejò bá dé, ara wọn á sì máa lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àdúrà ńkọ́? Èmi náà ń gbà á, mo sì ń gbà á kí bátìrì pẹ́. Ẹni tó bá ní kí Màmá bọ́ ọ́síjìn sílẹ̀ láti fi ìgbàgbọ́ hàn, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé rárá.

Bàbá kan béèrè pé ṣé àwọn ò lè gun roller coaster ni, tí àwọn bá bọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Mo ní Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀rù máa ń mú kí ọkàn sáré, ara á sì máa béèrè ọ́síjìn sí i ní àkókò gan-an tí kò sí nímú. Kí ọ̀dọ́ gùn ún, kí Bàbá dúró wò ó.

Àǹtí kan tọ́mọ ẹ̀ ní sickle cell béèrè nípa swimming pool òtẹ́ẹ̀lì. Omi tútù lójijì lè bẹ̀rẹ̀ ìrora, bẹ́ẹ̀ náà ni òùngbẹ nínú ooru, kó máa mu omi láti àárọ̀, kó wọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan, kó sì nura kíákíá tó bá jáde.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé tí bátìrì bá kú láàárín ọgbà ńkọ́. Kí Màmá jókòó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi imú fa èémí, kí wọ́n súnnu pọ̀ kí wọ́n sì fẹ́ ẹ síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹnì kan ti bátìrì kejì bọ̀ ọ́, tí kò bá sí tàbí tí ara ń yí padà, ẹ pe òṣìṣẹ́ tó bá súnmọ́ yín, ẹ pe 911. Àwọn tí dókítà wọn gbà á láàyè lè mú sìlíńdà kékeré kan dání fún pàjáwìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní E máa ń gba bíi lítà 680, ní lítà 2 láàárín ìṣẹ́jú kan ó tó wákàtí 5 àti ààbọ̀. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ kọ́ gbogbo ilé bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì, ọmọ ọdún 12 lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó ṣe é nílé lọ́pọ̀ ìgbà títí táá fi lè ṣe é láìwo ìwé, kí báàgì bátìrì sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo yín mọ orúkọ ẹ̀, tí kò ní fi ẹ̀gbẹ́ Màmá sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.